Kíndìnrín Tí Ìyàwó Mi Fún Ẹ̀gbọ́n Rẹ̀

Ọ̀dà ni mò ń tà ní Ìjẹ̀bú-Òde, ọ̀dà náà ló sì mú mi mọ ìyàwó mi. Olùkọ́ ni ní yunifásítì tó wà ní Ìjagun. Eré orí ìtàgé ló ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ó wọ ṣọ́ọ̀bù mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ní òun fẹ́ ọ̀dà tí yóò jọ ògiri ààfin tí òjò ti ń pa láti ayébáyé. Mo ní irú ẹ̀ kì í wá nínú agolo. Mo po oríṣi mẹ́ta pọ̀, mo fi igi rò ó, mo fi kun ara páálí kan, mo nà án sí i. Ó wò ó títí, ó ní, "Ṣé inú ààfin ni wọ́n ti bí yín ni?" Láti ọjọ́ náà, èmi ni mò ń po ọ̀dà fún gbogbo eré tó bá gbé kalẹ̀. A fẹ́ra, a bí ọmọbìnrin méjì, mi ò sì ṣíwọ́ ọ̀dà pípò.

Lọ́dún tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, eré àtijọ́ kan ló mú, èyí tí àwọn olùkọ́ ti ń kọ́ ọmọ ilé-ìwé kí wọ́n tó bí àwọn bàbá wa. Ọba kan àti ọ̀gágun kan ń bá ara wọn ṣọ̀tá. Kí ìjà lè tán, ọba fa àbúrò rẹ̀ obìnrin lé ọ̀gágun lọ́wọ́ láti fi ṣe aya. Ìjà rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tó fi tún rú, obìnrin náà sì bá ara rẹ̀ láàárín ọkọ àti ẹ̀gbọ́n, kò mọ ibi tí yóò kọjú sí.

Mo wà lórí àkàbà nínú gbọ̀ngàn wọn ní Ìjagun lọ́jọ́ kan, mò ń kun aṣọ tí wọ́n fẹ́ ta sẹ́yìn ìtàgé, ìyàwó mi sì ń kọ́ ọmọbìnrin tó ń ṣe obìnrin àárín méjì yẹn. Ọmọ náà ń sunkún gidi.

Ìyàwó mi ní, "Má sunkún mọ́. O ò tíì pàdánù ẹnì kankan. Àwọn méjèèjì ṣì wà láàyè. Ẹ̀rù ló ń bà ọ́ pé wọ́n máa ní kí o yàn."

Ọmọ náà nu ojú. "Mà, nínú àwọn méjèèjì, ta ló fẹ́ràn jù?"

Mo dá búrọ́ọ̀ṣì dúró. Mo fẹ́ gbọ́.

Ìyàwó mi rò ó díẹ̀. "Ẹni tí kò bá sí lọ́dọ̀ rẹ̀ ní àkókò náà," ló dáhùn. "Òun ni àárò rẹ̀ máa ń sọ ọ́ jù."

Mo tún ti búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà, ṣùgbọ́n mi ò rí ohun tí mò ń kùn mọ́. Ọ̀dọ̀ mi ni ìyàwó mi ń gbé. Ọ̀dọ̀ mi ló ń sùn, tó ń jí. Ta wá ni kò sí lọ́dọ̀ rẹ̀?

Mo mọ ẹni náà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni.

Ọmọ Èkìtì ni wọ́n. Bàbá wọn ti kú tipẹ́, nígbà tí ìyá wọn sì kú, ìyàwó mi ṣì wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, òun nìkan ló ní, ṣẹ̀ṣẹ̀ di olùkọ́ ní ilé-ìwé kan ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀. Ó lọ sílé, ó di ẹrù àbúrò rẹ̀ sínú àpò kan, ó gbé e wá. Àpọ́n tó ń gbé yàrá kan. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ọmọbìnrin, ni àwọn ìyá tó ń pọn omi nítòsí bá kọ́ ọ ní irun dídì. Ìyàwó mi sọ fún mi pé ṣùkú tí bọ̀dá òun kọ́kọ́ dì fún òun, ẹ̀gbẹ́ kan ló tẹ̀ sí, gbogbo kíláàsì ló rẹ́rìn-ín, òun sì gbé e kiri fún odindi ọ̀sẹ̀ kan, òun ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú u. Ìgbà kìíní tó sọ ìtàn yìí fún mi, àánú ṣe mí. Ìgbà tó sọ ọ́ fún àwọn ọmọ wa, inú bí mi, mo dìde, mo ní mò ń lọ wo bóyá wọ́n ti mú iná wá.

Ohun kékeré-kékeré ni owú máa ń jẹ kó tó sanra. Bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá ń bọ̀ nílé wa, iyán ni ìyàwó mi máa ń gún. Èmi tí mo jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú, ó máa ń se ìkọ́kọrẹ́ fún mi, ó sì mọ̀ ọ́n sè ju àwọn àbúrò mi lọ. Ṣùgbọ́n mo máa ń tẹ́tí sí odó yẹn bí ìgbà tí ènìyàn ń tẹ́tí sí ẹsẹ̀ olè lórí òrùlé. Bí wọ́n bá jókòó, èdè Èkìtì ni. Mo lè gbọ́ díẹ̀ níbẹ̀, àmọ́ kí n tó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wọn wà, wọ́n á ti rẹ́rìn-ín kọjá.

Èyí tó sì dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀, ẹni tí kò bá gbọ́ Yorùbá kò lè mọ̀ ọ́n. Àwọn Èkìtì kì í fi "ẹ̀yin" bá àgbà sọ̀rọ̀. "Ìwọ" ni ìyàwó mi ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọkùnrin tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bí i lọ́mọ. Èmi ọkọ rẹ̀, "ẹ káàárọ̀," "ẹ jókòó," "ẹ ti dé?" Ìyá mi máa ń yìn ín pé ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni. Èmi máa ń wò ó pé ọ̀wọ̀ yẹn dà bí ọgbà tí wọ́n fi yí mi ká, ẹnì kan sì wà tó ń wọlé láìkan ilẹ̀kùn.

Nígbà tó yá, ẹ̀gbọ́n yìí ṣàìsàn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́kọ́ wú, lẹ́yìn náà ni ojú. Dókítà ní kíndìnrín rẹ̀ méjèèjì ti dáṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ fẹ́ fún un ní kíndìnrín kan, wọ́n ní ìtọ̀ ṣúgà tó ń bá a jà kò gbà á láyè. Àwọn ọmọ rẹ̀ ṣì kéré. Èmi náà ń ṣe ohun tí àna ń ṣe: mò ń gbé e lọ, mò ń gbé e bọ̀, mo sì ń gbàdúrà fún un lórí ìrun mi. Mi ò purọ́, àdúrà náà wá láti ọkàn mi. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti rí bí ìyàwó mi ṣe ń wo ojú ọ̀nà kó tó di pé ọkọ̀ wa dúró, tó ń sáré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi láti lọ ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ohun kan á gbóná láyà mi.

Ọjọ́ Àìkú kan ni. Mo ti kírun Àsárì, mo jókòó ti ìkọ́kọrẹ́ mi. Ìyàwó mi wá, ó jókòó sí iwájú mi, kò fọwọ́ kan oúnjẹ.

"Bàbá ọmọ mi, mo ti lọ ṣe àyẹ̀wò."

"Àyẹ̀wò kí ni?"

"Ti kíndìnrín. Wọ́n ní tèmi bá ti bọ̀dá mi mu."

Mo gbé ṣíbí kalẹ̀. "Nígbà wo lo lọ?"

"Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá."

"Ọjọ́ tí o ní o fẹ́ lọ ra aṣọ eré l'Ékòó?"

"Ọjọ́ náà ni. Mo ra aṣọ náà pẹ̀lú."

Àlàyé aṣọ yẹn ló kọ́kọ́ bí mi nínú. Mo ní mi ò gbà. Mo ní abẹ kì í ṣe eré, mo ní ó ní ọmọ méjì, mo ní bí kíndìnrín kan tó kù bá dáṣẹ́ sílẹ̀ lọ́la ńkọ́? Ó dá mi lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, jẹ́jẹ́, bí ẹni pé ó ti kọ́ ìdáhùn náà sórí. Dókítà ti ṣàlàyé. Ẹni tó ní kíndìnrín kan ṣoṣo ń gbé ayé rẹ̀ bí ẹlòmíràn, bó bá ń ṣọ́ra. Òótọ́ ni ewu wà, wọ́n sì ti sọ ọ́ fún òun.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ rere tán lẹ́nu mi, mo wá sọ èyí tó wà lọ́kàn mi látìbẹ̀rẹ̀.

"Bó bá jẹ́ èmi ni ńkọ́?"

Ó sún àwo ìkọ́kọrẹ́ mi sápá kan.

"Mo ní bó bá jẹ́ èmi ni mo ṣàìsàn, ṣé wàá lọ ṣe àyẹ̀wò láìsọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí bẹ́ẹ̀."

"Mo ti bi ọ́."

Ó dìde. Ohùn rẹ̀ yí padà. "Ìwọ ní ìyá! Ìwọ ní ẹ̀gbọ́n, o ní àbúrò, ẹ kún ilé, ẹ kún ọ̀dẹ̀dẹ̀! Ta ni òun ní? Sọ fún mi, ta ló ní?"

Ó bo ẹnu rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó pè mí ní "ìwọ" látọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n. Ó yà mí lẹ́nu pé inú mi dùn díẹ̀ láàárín ìbínú náà, bí ẹni tí wọ́n jẹ́ kó yọjú wo yàrá tí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín. Ó bẹ̀ mí lójú ẹsẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú." Ó ti tún di "ẹ."

Mo lọ bá ìyá mi lọ́jọ́ kejì. Alájà ni, ó ti tajà débi pé kò sí ẹ̀tàn tí kò mọ̀. Mo rò pé yóò gbè mí. Ó gbọ́ mi tán, ó ń ka tẹ̀sùbáà rẹ̀ lọ.

Ó ní, "Bó bá jẹ́ ìwọ ni ara rẹ ò yá, tí àbúrò rẹ obìnrin fẹ́ fún ọ, tí ọkọ rẹ̀ wá lóun ò gbà, kí ni wàá pe ọkọ náà?"

Mo fa kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ mi jáde.

"Èmi mọ ohun tí èmi máa pè é," ló wí, ó sì ń ka tẹ̀sùbáà lọ.

Mo kúrò níbẹ̀, mo wa ọkọ̀ lọ tààrà sí Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀. Mo ti to ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ fún ẹ̀gbọ́n náà. Mo fẹ́ sọ fún un pé àgbà kì í jẹ ohun tó wà lára ọmọ, pé bó bá jẹ́ pé lóòótọ́ ló tọ́ ọ dàgbà, kó fi í sílẹ̀ fún mi. Mo bá a níwájú ilé rẹ̀, nínú àga onírọ́bà, ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àpótí. Yìnyín kékeré kan wà lẹ́nu rẹ̀ tó ń lá, nítorí wọn kò jẹ́ kó mu omi bó ṣe wù ú.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n."

"Jókòó, àna mi. Mo mọ ohun tó gbé ọ wá."

Mo jókòó.

"Mo ti sọ fún un pé n kò gbà," ló wí kí n tó la ẹnu. "Mo sọ ọ́ títí ó fi rẹ̀ mí. Mo ní bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ yẹn ló ń gbé e bọ̀, kó má wá sílé mi mọ́. Mo lé e, àna mi. Mo lé ọmọ tí mo fi ọwọ́ mi wẹ̀. Ó jókòó síbi tí o jókòó sí yìí, kò dìde."

"Kí ló wá sọ?"

"Ó ní òun ò wá tọrọ àṣẹ." Ó tu omi yìnyín tó ṣẹ́ kù sọ́wọ́, ó wò ó, ó dà á nù. "Bá mi bẹ̀ ẹ́. Tìẹ ló máa ń gbọ́. Bí mo bá sọ ohunkóhun fún un, ohun tó máa kọ́kọ́ sọ ni pé, 'Kí n bi ọkọ mi ná.' Láti ìgbà tí o ti fẹ́ ẹ ni. Ó ti sú mi."

Mo wò ó lójú bóyá ó ń fi mí ṣeré. Kò rẹ́rìn-ín. Mo rí ohun kan lójú rẹ̀ tí mo mọ̀ dáadáa, torí mo ti máa ń rí i nínú dígí ara mi. Ọkùnrin yìí náà ń jowú mi.

Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo tò kò wúlò mọ́. Ohun kan náà tí mo wá bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣe, ó ti ṣe é ṣáájú mi, ó sì ti ṣe é dáadáa jù mí lọ. Òun kọ̀ kí abẹ má bàa kan àbúrò rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ikú ló máa yọrí sí fún un. Èmi kọ̀ kí ohun tó jẹ́ tèmi má bàa di tirẹ̀. Mo ronú lé e ní gbogbo ọ̀nà títí mo fi dé Ìjẹ̀bú-Òde. Kò dín owú mi kù. Ó fi kún un ni, nítorí ó wá ṣòro fún mi láti rí ohun tí mo máa fi bú ọkùnrin náà.

Wọ́n ṣe eré náà lọ́sàn-án Sátidé kan. Ìyàwó mi ní kí ẹ̀gbọ́n òun wá wò ó, èmi ni mo lọ gbé e. A jọ jókòó síwájú, aṣọ òtútù lé e léjìká nínú ooru gbọ̀ngàn yẹn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kún dẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tó kan ibi tí obìnrin náà dúró láàárín, tí ọkọ wà lápá ọ̀tún pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun rẹ̀, tí ẹ̀gbọ́n wà lápá òsì, ọmọbìnrin yẹn kò sunkún. Ó kàn dúró. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì pẹ́ níbẹ̀ débi pé ara kò gba àwọn òǹwòran mọ́.

Ẹnì kan pariwo láti ẹ̀yìn: "Tẹ̀lé ọkọ ẹ!"

"Ọkọ wo? Ọmọ ìyá ẹ ni o!" obìnrin kan dá a lóhùn.

Ni gbọ̀ngàn bá dàrú. Àwọn kan ń pariwo ọkọ, àwọn kan ń pariwo ẹ̀gbọ́n. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan gun orí àga, ó ń búra pé òun ò ní fẹ́ obìnrin tó ní ẹ̀gbọ́n láéláé. Ọ̀rọ̀ dẹ̀rín. Àwa méjèèjì nìkan la ò rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀gbọ́n tẹ̀ sí mi létí. "Ká ní èmi ni ọba yẹn, mo máa ní kó tẹ̀lé ọkọ rẹ̀."

Mo fẹ́ sọ pé ká ní èmi ni ọ̀gágun, mo máa ní kó tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mo wo ìtàgé.

Nínú eré náà, kò sẹ́ni tó bi obìnrin yẹn léèrè ohun tó fẹ́. Wọ́n jà, ọkọ sá lọ, obìnrin náà sì padà sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lófo. Mo ti bi ìyàwó mi rí nílé pé kí ló dé tí obìnrin yẹn kò dúró ti ọkọ rẹ̀. Ó ní, "Ọkọ rẹ̀ ni kò dúró."

Nígbà tí wọ́n pàtẹ́wọ́ tán, ìyàwó mi sọ̀ kalẹ̀ wá bá wa. Mo dìde láti kí i. Ó kọjá lára mi, ó lóṣòó síwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó fi àtàǹpàkò tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú, ó sì ń wo bí ojú ibẹ̀ ṣe jìn tí kò tètè kún padà. Gbogbo ènìyàn ń kí i kú iṣẹ́, kò gbọ́. Mo dúró bí ẹni tó ṣìnà wọ ilé onílé.

Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè. "Ẹ bá mi gbé bọ̀dá dìde."

Mo ki ọwọ́ bọ abẹ́ apá rẹ̀, mo gbé e. Ó fúyẹ́. Ọkùnrin tí mo ti ń bá jà lọ́kàn láti ọdún yìí wá, egungun àti aṣọ òtútù ni. Ó di ọrùn mi mú, ó ń mí gúlegúle.

A wọ ọkọ̀. Kí n tó ṣí i, mo bi ìyàwó mi láìwẹ̀yìn: "Ọjọ́ wo ni wọ́n ní kí ẹ wá?"

"Wọ́n ní ká mú ọjọ́ tó bá rọ̀ wá lọ́rùn."

"Mú un, kí n lè mọ ẹni tí màá fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún."

Ẹ̀gbọ́n ní, "Èmi ò tíì gbà o."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákẹ́," ni mo wí. "Kò sẹ́ni tó bi yín."

Ìyàwó mi bú sẹ́rìn-ín, ó sì ń sunkún pọ̀ mọ́ ọn.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n gbà nígbẹ̀yìn, ilé ìwòsàn kan l'Ékòó ni wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Àárọ̀ ni wọ́n gbé àwọn méjèèjì wọlé, orí ibùsùn méjì tó tẹ̀lé ara wọn, èmi sì dúró sí ẹnu ilẹ̀kùn tí wọn kò jẹ́ kí n kọjá. Mo kírun, mo tún kírun. Lọ́sàn-án, wọ́n ní kí n wá wo ìyàwó mi. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo ti ro ohun tí mo máa sọ nígbà tó bá lajú. Ó lajú, ó wò mí, ètè rẹ̀ gbẹ, mo sún mọ́ ọn kí n lè gbọ́.

"Ṣé ó ti tọ̀?"

Mi ò mọ ohun tó ń sọ. Nọ́ọ̀sì ló rẹ́rìn-ín lẹ́yìn mi. "Ó ti ń tọ̀, Mọ́mì. Ó ń tọ̀ bí òjò."

Ìyàwó mi pa ojú dé, ojú rẹ̀ sì tù. Ìgbà tó tún là á ló bi mí pé, "Ẹ ti jẹun?"

Wọ́n jẹ́ kí n wo ẹ̀gbọ́n láti ẹ̀yìn gíláàsì. Ó ń sùn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀, àpò ike kan wà níbẹ̀ tí ìtọ̀ ń kán sí, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Mo dúró, mò ń wo àpò yẹn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo dúpẹ́ tọkàntọkàn. Mo sì ń rò ó pé ohun tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọkùnrin yìí, ara ìyàwó mi ni, èmi tí mo ti ń bá a sùn láti ọdún yìí wá kò rí i rí, kò sì sí ọ̀nà tí mo lè gbà rí i. Ohun méjèèjì yìí wà láyà mi lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí èyí tó lé ìkejì jáde.

Ara wọn yá. Ìyàwó mi padà sí Ìjagun, ẹ̀gbọ́n padà sí ilé-ìwé rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, ó ń mu omi bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé omi dùn.

Nígbà Iléyá tó tẹ̀lé e, mo pè é. Kristẹni ni, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ẹran Iléyá ń lé sẹ́yìn. Ìyá mi ló jókòó ti agbada, ó ń pín ẹran, ó sì na ọwọ́ síbi tí ẹ̀gbọ́n jókòó sí. "Àna wa, ẹ gba kíndìnrín àgbò yìí, ó dùn."

Ẹ̀gbọ́n wo àwo náà. "Alájà, ẹ fún ẹlòmíràn. Èmi ti gba tèmi."

Gbogbo ilé ló bú sẹ́rìn-ín, ìyá mi pẹ̀lú. Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé ọwọ́ lé ẹ̀gbẹ́ ikùn níbi tí wọ́n ti rán an. Ní òdìkejì yàrá, ìyàwó mi náà ń rẹ́rìn-ín, mo sì rí i tó gbé ọwọ́ lé ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀. Wọn kò wo ara wọn. Wọn ò tilẹ̀ mọ̀ pé àwọn ṣe é.

Mo dúró sí ẹnu ọ̀nà, ẹran tí mo fẹ́ pín fún àwọn ará àdúgbò wà lọ́wọ́ mi nínú abọ́, ó ń gbóná. Mo wò wọ́n díẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà mo wọ bàtà mi, mo gbé ẹran náà jáde.